Òògùn Ìrẹ̀wẹ̀sì àti Èkúté Tó Ń Dá Gbé

   

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ ní kí n wá sọ̀rọ̀, mo bi í pé kí ni mo fẹ́ sọ lọ́jọ́ tí àwọn ènìyàn ń retí ìlù àti oríkì. Ó ní kí n sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ mi. Àwọn tó mọ̀ mí níbí mọ̀ pé iṣẹ́ mi kì í ṣe iṣẹ́ tí ènìyàn fi ń yangàn níbi ìgbéyàwó. Èkúté ni mo ń tọ́jú. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nílé tí wọ́n ti ń sin ẹranko fún ìwádìí ní Lọ́ńdọ̀nù yìí. Mo ń fún wọn lóúnjẹ, mo ń pààrọ̀ omi wọn, mo ń kó ìdọ̀tí wọn, mo sì ń kọ ọ́ sínú ìwé bí ara ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bá ṣe rí. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa. Ìyá mi náà rẹ́rìn-ín lórí tẹlifóònù nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ fún un. Wọ́n ní, "Àwa ń fi pàkúté pa wọ́n nílé, ìwọ wá ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún wọn lókè òkun!"

Òótọ́ ni, a ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún wọn. Ṣùgbọ́n òfin kan wà lẹ́nu iṣẹ́ náà tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ lónìí. Ní ọdún 1986 ni ìjọba ilẹ̀ yìí ṣe òfin lórí ẹranko tí wọ́n ń lò fún ìwádìí. Ìlànà tó wà lábẹ́ òfin náà sọ pé ẹranko tó jẹ́ pé gbígbé pọ̀ ni ìwà rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dá gbé, àfi tí ìdí gidi bá wà. Bí mo bá fi èkúté kan ṣoṣo sínú kéèjì, ẹnì kan gbọ́dọ̀ lè sọ ìdí rẹ̀. Nígbà mìíràn ìdí máa ń wà, nítorí pé akọ máa ń bá akọ jà, a sì máa ń yà wọ́n kí wọ́n má baà ṣe ara wọn léṣe. Ṣùgbọ́n a ò kàn lè gbé e síbẹ̀ ká gbàgbé rẹ̀.

Mo máa ń ronú nípa ìlànà yìí tí mo bá ń padà sílé lálẹ́, tí mo bá gba ẹ̀gbẹ́ àwọn fúláàtì wa kọjá. Ẹni ọgọ́rin ọdún wà lókè lọ́hùn-ún nínú yàrá kan, ó ń dá gbé, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ kọ ìdí rẹ̀ sínú ìwé kankan.

Kí ló dé tí wọ́n fi ka dídá gbé èkúté sí ohun tó tó ṣe ìlànà lé lórí? Àánú wà níbẹ̀. Ìdí kejì tún wà: èkúté tó bá ń dá gbé, ara rẹ̀ máa ń yí padà, tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá fún un ní òògùn, òògùn náà lè má ṣiṣẹ́ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lára èyí tó ń gbé láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Òògùn kan náà ni, ìwọ̀n kan náà ni, ilé tó ń gbé ló yàtọ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi dá lé lónìí, pàápàá lórí àwọn òògùn tó ń bá serotonin ṣiṣẹ́, nítorí pé àwọn òògùn náà wà nínú ilé wa.

Kí n ṣàlàyé serotonin kí àwọn ọmọ lè bá wa lọ. Inú ọpọlọ wa kún fún àwọn okùn tín-ín-rín tó ń ránṣẹ́ síra wọn. Okùn kan kì í fara kan èkejì, àlàfo kékeré kan wà láàárín wọn. Bí ọ̀kan bá fẹ́ ránṣẹ́, á da èròjà kan sínú àlàfo náà, èkejì á sì gbà á. Serotonin jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn èròjà tó ń jẹ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní 1948 ni àwọn olùwádìí ní Cleveland ní Amẹ́ríkà yọ ọ́ láti inú ẹ̀jẹ̀ màlúù. Ní 1953 ni Betty Twarog àti Irvine Page fi hàn pé ó wà nínú ọpọlọ pẹ̀lú. Inú ìfun ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba tó wà nínú ọpọlọ ní ọwọ́ nínú oorun, nínú oúnjẹ jíjẹ, nínú ìbínú, àti nínú bí ọkàn ènìyàn ṣe ń rí.

Bí serotonin bá ti jíṣẹ́ tán, okùn tó rán an á fà á padà sára. Òògùn bíi fluoxetine, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Prozac, máa ń dí fífà padà náà lọ́wọ́, kí serotonin lè pẹ́ díẹ̀ sí i nínú àlàfo. Ilé iṣẹ́ Eli Lilly gbé ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1974, ìjọba Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i ní ìparí 1987. Citalopram àti sertraline jẹ́ ìbátan rẹ̀. Ẹ ó bá orúkọ wọ̀nyí lára páálí òògùn nínú ilé tó pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ, títí kan ilé àwa tí a jókòó síbí. A kì í kàn sọ ọ́ síta ni.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan ni èyí. Àwọn àgbà wa mọ igi kan tó ń jẹ́ asofẹ́yẹjẹ. Gbòǹgbò rẹ̀ ni àwọn oníṣègùn wa máa ń lò fún ẹni tí orí rẹ̀ bá dàrú, kí ó lè sùn, kí ara rẹ̀ sì rọlẹ̀. Dókítà Raymond Prince, ará Kánádà tó ṣiṣẹ́ nílẹ̀ Yorùbá, kọ̀wé nípa rẹ̀ nínú ìwé àtìgbàdégbà àwọn dókítà Amẹ́ríkà ní 1960. Ìbátan igi yìí tó ń hù ní Íńdíà ni àwọn ará ilé iṣẹ́ Ciba ní Basel ti yọ èròjà tí wọ́n ń pè ní reserpine ní 1952, reserpine sì wà nínú asofẹ́yẹjẹ tiwa náà. Nígbà tó di 1955, Bernard Brodie àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé reserpine máa ń tú serotonin dànù kúrò níbi tí ọpọlọ ń kó o pamọ́ sí. Ìyẹn wà lára ohun tó kọ́kọ́ ta àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lólobó pé serotonin ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ìwà àti ọkàn ènìyàn. Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń fi ẹrù ránṣẹ́ láti ilé, ẹ má ṣe pa irú gbòǹgbò bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́ hóró òògùn tí dókítà kọ fún yín láìsọ fún un. Agbára wà nínú àwọn méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ èkúté. Ní Milan ní Ítálì, ní àwọn ọdún 1960, Luigi Valzelli àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ya àwọn akọ èkúté sọ́tọ̀, olúkúlùkù nínú kéèjì tirẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn di oníjà. Bí wọ́n bá mú àlejò wọlé sí wọn, wọ́n á fò mọ́ ọn. Wọ́n yẹ ọpọlọ wọn wò ní 1967, wọ́n rí i pé iye serotonin tó wà nílẹ̀ kò dín kù, àmọ́ lílọ bíbọ̀ rẹ̀ ti falẹ̀. Ẹ fojú inú wo Rye Lane ní òwúrọ̀ Sátidé kan tí iṣu, ata àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ kún gbogbo àtẹ, ṣùgbọ́n tí kò sí ẹni tó ń ná a. Ọjà wà, kárà-kátà ni kò sí.

Ní Japan, Kinzo Matsumoto fún èkúté ní òògùn oorun. Ìwọ̀n kan náà ni ó fún èyí tó ń dá gbé àti èyí tó ń gbé láàárín ẹgbẹ́. Èyí tó ń dá gbé tètè jí. Mo fẹ́ràn ìwádìí yìí ju gbogbo ìyókù lọ, nítorí pé ọmọ ọdún mẹ́jọ lè lóye rẹ̀: ẹni tó dá wà, ara rẹ̀ kò lélẹ̀, àní bí òògùn bá tiẹ̀ wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Òun àti Graziano Pinna, Erminio Costa àti Alessandro Guidotti ní Chicago tún lọ síwájú. Wọ́n rí i pé dídá gbé máa ń dín èròjà kan kù nínú ọpọlọ, èròjà tó máa ń mú ọpọlọ balẹ̀, tí ọpọlọ fúnra rẹ̀ ń ṣe. Ní 2003 wọ́n kọ ọ́ síta pé fluoxetine dá èròjà yìí padà sókè nínú èkúté tó ń dá gbé, ìjà rẹ̀ sì rọlẹ̀. Ẹ ò rí i pé òògùn ṣiṣẹ́? Ó ṣiṣẹ́. N kò wá síbí láti bú òògùn.

Ní Indiana, Laura Hurley àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ wo apá ibi tí ọpọlọ fi ń gbọ́ ohùn. Ní 2018 wọ́n ròyìn pé abo èkúté tí wọ́n yà sọ́tọ̀, okùn serotonin tó wọ apá ibẹ̀ dín kù. Ti akọ kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo rí dì mú níbẹ̀ ni pé ìdánìkangbé dé ibi tí ọpọlọ fi ń gbọ́ ohùn ẹlòmíràn.

Èyí tó wá ká mi lára jù ni ti Igor Branchi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Rome, tó jáde ní 2017. Wọ́n kọ́kọ́ fi ìnira bá àwọn èkúté fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n fún wọn ní fluoxetine, ṣùgbọ́n wọ́n fi àwọn kan sí ibi tó dára, tó ní ààyè àti ohun ìṣeré, wọ́n sì fi àwọn yòókù sílẹ̀ nínú ìnira. Àwọn tó wà níbi tó dára, òògùn náà ràn wọ́n lọ́wọ́. Àwọn tó wà nínú ìnira, òògùn kan náà tún dá kún tiwọn. Bí Branchi ṣe túmọ̀ rẹ̀ ni pé irú òògùn yìí kì í fúnra rẹ̀ gbé ènìyàn lọ síbi ire. Ṣe ni ó ń rọ ọpọlọ bí amọ̀ tí a bu omi sí, ibi tí ènìyàn ń gbé ló sì ń mọ ọ́n.

Ẹnì kan lè sọ pé èkúté lèyí, kí ló kan ọmọ ènìyàn? Ìbéèrè tó dára ni. Èkúté kì í ronú nípa físà, kì í sì í wo fọ́tò ọmọ tó wà ní Ìbàdàn. Joanna Moncrieff àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ níbí ní Lọ́ńdọ̀nù kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ ní 2022, wọ́n sì sọ pé àwọn kò rí ẹ̀rí tó dúró ṣinṣin pé àìtó serotonin ló ń fa ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Àwọn onímọ̀ mìíràn bá wọn jiyàn, wọ́n ní bí a kò bá tiẹ̀ mọ gbogbo ọ̀nà tí òògùn ń gbà, ó ń ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ Branchi kò dúró lórí èkúté. Wọ́n wo àkọsílẹ̀ ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ STAR*D, níbi tí nǹkan bí ẹgbàajì aláìsàn ti kọ́kọ́ lo citalopram. Wọ́n rí i pé bí ìwọ̀n òògùn bá ṣe pọ̀ tó ni ipò tí ènìyàn ń gbé, bóyá ó níṣẹ́, bóyá owó ń wọlé fún un, ṣe ń hàn sí i nínú bí ara rẹ̀ ṣe yá sí.

Àwa Yorùbá náà ní ẹ̀rí tiwa, a ò sì ní láti wá a jìnnà. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin ní Nunhead, Peckham Rye ni ibùdó àkọ́kọ́, Denmark Hill ni èkejì. Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, Maudsley Hospital wà nítòsí. Ibẹ̀ ni ọmọ Abẹ́òkúta kan, Thomas Adéoyè Lambo, ti kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú àìsàn ọpọlọ lẹ́yìn tó gboyè dókítà ní Birmingham. Ní 1954 ó ti wà nílé gẹ́gẹ́ bí olórí ilé ìwòsàn Aro. Wọn kò tíì kọ́ ilé ìwòsàn náà tán. Lambo kò dúró. Ó lọ bá àwọn ará abúlé tó wà láyìíká, ó ní kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sílé. Olúkúlùkù aláìsàn á mú ìbátan kan dání, ìyá, àbúrò tàbí ìyàwó, tí yóò máa se oúnjẹ fún un. Lówùúrọ̀ wọ́n á wá gba òògùn àti ìtọ́jú òyìnbó, nígbà tó bá yá wọ́n á padà sáàárín agboolé, wọ́n á bá ará abúlé ṣiṣẹ́ oko, wọ́n á bá wọn jó níbi ayẹyẹ. Lambo tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra.

Ẹ má ṣe gbọ́ mi gbọ́yé o. N kò sọ pé gbogbo ohun tí à ń ṣe nílé láyé àtijọ́ ló dára. Ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn kan, pàṣán sì wà níbẹ̀, ó sì tún wà láwọn ibi kan títí di òní. Ohun tí Lambo mú níbẹ̀ ni ènìyàn, ó fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ sílẹ̀. Àwọn dókítà láti káàkiri Áfíríkà péjọ sí Abẹ́òkúta ní 1961 láti wo ohun tó ń ṣe, nígbà tó sì yá ó di igbákejì olórí Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ó ṣaláìsí ní 2004. Àjọ yẹn kan náà tẹ̀ lé àwọn tó ní àìsàn ọpọlọ tó le ju ìrẹ̀wẹ̀sì lọ ní ìlú mẹ́sàn-án, Ìbàdàn wà níbẹ̀, Lọ́ńdọ̀nù wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ọdún méjì, ara àwọn ti Ìbàdàn ló yá jù. Wọ́n ṣì ń jiyàn lórí ohun tó fà á, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sọ pé òògùn Ìbàdàn ló pọ̀ ju ti Lọ́ńdọ̀nù lọ.

Àní ní àdúgbò wa yìí, ní St Mary's Road, ilé ńlá kan wà tó ti di fúláàtì báyìí. Láti 1935, ogun ló dá a dúró, títí di 1950 tó kógbá sílé, ibẹ̀ ni Pioneer Health Centre wà. Dókítà Scott Williamson àti Dókítà Innes Pearse ló dá a sílẹ̀. Ẹnì kan kò lè dá forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, odidi ìdílé ni wọ́n ń gbà, ṣílè kan lọ́sẹ̀. Wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀, wọ́n ń jó níbẹ̀, àwọn dókítà sì ń yẹ ara wọn wò. Nígbà tó di oṣù kìíní 2018, ìjọba ilẹ̀ yìí yan mínísítà tí yóò máa bójú tó ọ̀rọ̀ ìdánìkanwà. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi ní Ìjẹ̀bú, wọ́n rò pé mo ń ṣàwàdà.

Kí n wá sọ ti ilé wa. Ìyá kan wà tí mo mọ̀, tí n kò ní dárúkọ. Ọkọ wọn kú, orókún ò jẹ́ kí wọ́n lè sọ̀ kalẹ̀ láti òkè kẹta nígbà tí ẹ̀rọ agbéniròkè bá bàjẹ́. Dókítà fún wọn ní sertraline. Àwọn ọmọ wọn kì í ṣe ọmọ burúkú o. Wọ́n ra àpótí oníhò méje, wọ́n to òògùn ọ̀sẹ̀ kan sínú rẹ̀, alaalẹ́ sì ni wọ́n ń pè. "Màmá, ṣé ẹ ti lo òògùn?" "Mo ti lò ó." "Ó dáa, ẹ kú ìsinmi." Ọ̀rọ̀ tán. Nígbà tí mo lọ kí wọn, odidi wákàtí méjì ni ìyá yìí fi sọ̀rọ̀, bí ẹni pé wọ́n ti tọ́jú ọ̀rọ̀ pa mọ́ láti oṣù mẹ́fà. Wọ́n kọ́ mi ní oríkì ìlú wọn. N kò lè sọ pé àbẹ̀wò mi wò wọ́n sàn, sertraline ọ̀hún sì wà lára ohun tó mú kí wọ́n lè dìde ṣílẹ̀kùn fún mi. Ṣùgbọ́n mo ti rí kéèjì tó pọ̀, mo sì mọ èyí tí mo máa ń kọ sínú ìwé pé kí wọ́n tún wò.

Kò sí ohun tí mo sọ tó ní kí ẹnikẹ́ni da òògùn rẹ̀ nù. Ẹni tó bá dá a dúró lójijì lè rí ìnira. Ọ̀dọ̀ dókítà ni a ti ń jíròrò ìyẹn. Àwa Yorùbá ní àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ wọ́n níyà. A máa ń pọ̀ níbi ìsìnkú. Bí ẹnì kan bá kú ní Nunhead, ọkọ̀ kì í ráyè dúró. Èyí tí mo ń bẹ̀ ẹgbẹ́ fún ni kí a pọ̀ ṣáájú ìgbà yẹn.

Ìgbìmọ̀ ti gbà pé kí a bẹ̀rẹ̀ láti Sátidé tó ń bọ̀. Àwọn àgbà mọ́kànlá ló ti ní kí a wá. Ìdílé kan, àgbà kan, lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, ẹ sì mú àwọn ọmọ dání, kódà bí Yorùbá wọn kò bá já gaara; àwọn àgbà ló máa tún un ṣe fún wọn. Ẹ má ṣe bèèrè òògùn lọ́wọ́ wọn lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ bèèrè ìtàn. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ wà lórí tábìlì lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo mọ́ínmọ́ín, bírò méjì sì wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní mọ́tò, ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ yín, nítorí pé méjì nínú àwọn àgbà náà ń gbé ní òkè tí bọ́ọ̀sì P12 kì í dé.